Àpótí Idà

Ọdún tí ọyẹ́ la ètè gbogbo wa ní Sàríà
ni Alàájì Tánímù gbé idà wá sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi.
Ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, ó so ó mọ́ igi kẹ̀kẹ́,
èèkù yọ níwájú, ṣóńṣó yọ lẹ́yìn,
àwọn ọmọdé Sábọ̀n-Gàrí ń tẹ̀ lé e bí ẹni ń sìnkú.

"Gbẹ́nàgbẹ́nà, bá mi kan ilé fún un."
Yorùbá rẹ̀ já gaara, Ìlọrin ló ti kọ́ṣẹ́ awọ;
ó kàn máa ń fa ọ̀rọ̀ gùn
bí ẹni ń na awọ sóòrùn.

Bàbá mi fa téèpù yọ, mo di orí rẹ̀ mú.
Ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún ó lé ínǹṣì méjì.
Mo dúró tì í, ó fi orí kan jù mí lọ.
Èèkù nìkan gùn tó ìgbọ̀nwọ́ mi dé ọmọ ìka.

Ìdòwú wẹ́dà ní kò ní fúyẹ́ ju àpò sìmẹ́ńtì lọ.
Sùlé alápatà ní òmìrán ló ń lò ó,
pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló fi ń bẹ́ ẹṣin àti ẹni tó gùn ún.
Bàbá mi ò fèsì.
Ó ní kí n lọ yá òṣùwọ̀n Làráì alálùbọ́sà wá.

A gbé idà kọ́.
Abẹ́rẹ́ gbọ̀n, ó lọ, ó bọ̀,
ó dúró lórí kílò méjì àbọ̀.
Àlùbọ́sà tí ìyá mi rà lánàá wúwo jù ú lọ.
Sùlé tẹjú mọ́ òṣùwọ̀n bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Alàájì rẹ́rìn-ín. "Ọwọ́ mélòó lẹ fi ń gún iyán?
Ṣé ọmọ odó ló wúwo ju ọwọ́ kan lọ?
Ọwọ́ òkè ń rán an níṣẹ́,
ọwọ́ ìsàlẹ̀ ń pè é padà.
Ẹnubodè ni bàbá bàbá mi ń ṣọ́,
tóóró, kò gbà ju ẹṣin kan.
Ó ń yí i, ó ń yí i, kò sẹ́ni tó lè sún mọ́ ọn.
Gígùn rẹ̀ kì í ṣe ti pípa.
Àyè ló ń ṣọ́."

"Nínú yàrá ńkọ́?"
"Ọ̀bẹ àlùbọ́sà sàn jù ú lọ."
"Lórí ẹṣin?"
"Etí ẹṣin ara rẹ ni wàá gé."
"Ṣé bàbá yín lò ó rí?"
Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kan.
Òpó ìdábùú bodè ṣẹ́ lóru, ó fi dá a dúró."

Ọ̀gánwó ni bàbá mi fi kan àpótí náà.
Ó ní idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́,
nítorí náà ó tẹ́ awọ ewúrẹ́ sínú.
Ọjọ́ mẹ́jọ ló fi rẹ́ igi, ló fi fá a, ló fi ń wúkọ́.
Ọkùnrin méjì ló gbé àpótí jáde.
Ọmọdé kan lè gbé ohun tó wà nínú rẹ̀.

Mo gbé e, kí wọ́n tó kàn án pa.
Ọwọ́ mi méjèèjì tẹ èèkù, àyè ṣì ṣẹ́ kù.
Wọ́n ní bí ọwọ́ ẹni ò bá tẹ èèkù idà,
a kì í bèèrè ikú tó pa bàbá ẹni.
Tèmi tẹ̀ ẹ́ ṣáájú kí ikú náà tó dé.

Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn náà, ní Wúsásà, mo bèèrè.
Dókítà gbé fọ́tò àyà rẹ̀ sójú iná:
eruku igi, ó ní, ogójì ọdún,
kúnná bí èlùbọ́.

Bẹ́ẹ̀ ihò imú ènìyàn tóóró tó,
ẹnì kan ṣoṣo ìbá ṣọ́ ọ.